Itọ́ Gòróyè àti Ìrì Orí Àpáta

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o? Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, pé kò sẹ́ni tó fi itọ́ mọlé rí láyé. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní, itọ́ èèyàn mélòó ni yóò po amọ̀ yàrá kan ṣoṣo? Àfi ìgbà tí mo gbọ́ ohun tí ojú Adégòróyè rí, ẹnjiníà ìlú Ìdí-Àpáta, ni mo tó mọ̀ pé wọ́n mọ ilé ọ̀hún lóòótọ́, itọ́ ni wọ́n fi mọ ọ́n, ìrì sì wó o lójú ọba. Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tí àyà rẹ̀ máa ń tètè já, kó di ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú.

Àpáta ńlá wà lẹ́yìn ìlú Ìdí-Àpáta, odò Aróbọ́ sì wà níwájú rẹ̀. Àpáta kò ní wàhálà. Ó jókòó jẹ́ẹ́ síbi tí Ọlọ́run gbé e sí. Odò Aróbọ́ ló níwà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé lè fò ó kọjá. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ sórí àwọn òkè tó jìnnà sílùú, tí oòrùn ṣì ń ràn ganrínganrín ní Ìdí-Àpáta, odò yìí á dìde lójijì, á ya wọ àdúgbò Ìsàlẹ̀-Odò. Kò ní kan ilẹ̀kùn, kò ní kí ẹnikẹ́ni pé "ẹ ǹlẹ́ ńlé o".

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe gbé Akígbe sétí odò. Akígbe kì í ṣe èèyàn o. Òpó irin ni, ó ga ju géńdé ọkùnrin lọ, sólà wà lórí rẹ̀ bí ìgbà téèyàn dé fìlà, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì ni ẹnu rẹ̀. Ṣíìpù ló wà nínú ikùn rẹ̀, ìyẹn èérún dúdú kan báyìí tí kò ju èékánná lọ. Òun ni ọpọlọ rẹ̀. Bí omi bá ti gun òpó náà dé ibì kan, ṣíìpù á mọ̀, Akígbe á sì figbe ta. Gbogbo Ìsàlẹ̀-Odò á gbọ́, wọ́n á gbé ọmọ, wọ́n á gbé àgbà, ó di orí àpáta. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń mí lónìí nítorí igbe yẹn.

Ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ ni ọjọ́ tí àrá sán tí ọpọlọ Akígbe dàrú. Láti ọjọ́ náà, bí ewúrẹ́ bá wá mumi létí odò, á ké. Bí ọ̀pọ̀lọ́ bá fò, á ké. Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò sá, sá, sá, títí eré fi sú wọn. Lọ́jọ́ kan tó ké, onígbàjámọ̀ ti fá apá kan orí Olóyè Ọ̀dọ̀fin, bàbá arúgbó tó jẹ́ olórí àdúgbò náà. Bí bàbá ṣe gun àpáta nìyẹn, irun lápá kan, orí dídán lápá kejì. Nígbà tí wọ́n rí i pé ewúrẹ́ ni, Ọ̀dọ̀fin jókòó sórí òkúta, ó mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní:

"Ẹ gbọ́ o. Láti òní lọ, bí Akígbe bá ké, n kò ní dìde, àfi bí omi bá dé orúnkún mi."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Adégòróyè, tí gbogbo ìlú ń pè ní Gòróyè, kò rín. Ọkùnrin náà mọ̀wé, ó mọṣẹ́, ṣùgbọ́n oníbẹ̀rù ni. Ìgbà tí àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín, òun ń wo bí wọ́n ṣe ń rọra sọ̀kalẹ̀ padà sílé, tí wọ́n ń sọ pé àwọn kò tún sáré mọ́. Ó ń rò ó pé: lọ́jọ́ tí omi bá dé lóòótọ́ ńkọ́? Ilé tirẹ̀ ló sún mọ́ odò jù lọ. Tinúọlá ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún, oyún ọ̀hún ti sọ̀ kalẹ̀, ọjọ́ ìkúnlẹ̀ kò jìnnà mọ́.

Tinúọlá alára kò jẹ́ kó gbàgbé. Ní alaalẹ́, bó bá ti ń bu oúnjẹ fún un ni yóò máa sọ ọ́: "Ọkọ mi, bí omi yìí bá dé, èmi kò lè sáré o. Èmi àti ikùn yìí, yíyí la ó máa yí bí ìlẹ̀kẹ̀."

Ẹnu ìgbà yẹn ni Kábíyèsí ránṣẹ́ pe Gòróyè sáàfin. Ọba ní, "Ẹnjiníà, ọmọ wa, ìwọ lo lọ kẹ́kọ̀ọ́ lórí nǹkan tí ojú kò rí. Òjò kò ní pẹ́ balẹ̀. Tún ọpọlọ Akígbe ṣe fún wa kó tó di pé odò bẹ̀rẹ̀ ìṣe rẹ̀."

Gòróyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. Yóò ṣeé ṣe."

Ẹnu rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò dá a lójú rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. A kì í fi òòlù tún ọpọlọ ṣíìpù ṣe. Àwọn irinṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń gbé. Àwọn ni èèyàn fi ń kọ ohun tí ṣíìpù yóò máa rò, àwọn náà ni wọ́n fi ń tì í sínú rẹ̀. Àwọn tó sì bá ṣíìpù Akígbe mu ti dàgbà, wọ́n sì lágídí. Bí Gòróyè ṣe gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, kọ̀ǹpútà tuntun, ojú rẹ̀ pọ́n, ó kọ ọ́ ní lẹ́tà pupa pé òun kò mọ̀ wọ́n rí. Àwọn irinṣẹ́ náà ní àwọn kò ní gbébẹ̀. Wọ́n dà bí bàbá arúgbó tí ọmọ rẹ̀ ra bẹ́ẹ̀dì fún, tó ní àfi kí wọ́n wá ẹní òun kàn.

Ọgbọ́n kan ṣoṣo ló kù. Wọ́n máa ń mọ kọ̀ǹpútà mìíràn sínú kọ̀ǹpútà. Tí ẹ bá wo inú rẹ̀, ẹ ó rí i bí kọ̀ǹpútà gidi: ó ní ojú, ó ní ọpọlọ, ó ní ibi ìkẹ́rùsí, àmọ́ kò sí irin, kò sí ike, kò sóhun tí ọwọ́ lè bà. Ilé inú ilé ni. Nínú ilé yẹn ni yóò ti ṣe gbogbo nǹkan bó ṣe rí láyé àtijọ́, kí àwọn irinṣẹ́ àgbà lè rí ibi tó bá wọn lára mu.

Nígbà tí Gòróyè ṣàlàyé rẹ̀ fún Tinúọlá tán, obìnrin náà wò ó títí, ó gbé ọwọ́ sórí ikùn. "Ẹ dúró ná. Kọ̀ǹpútà inú yẹn, ṣé ó mọ̀ pé òun kò sí?"

"Kò mọ̀. Ó rò pé kọ̀ǹpútà gidi lòun."

"Háà! Lọ́jọ́ tó bá wá mọ̀ ńkọ́?"

Gòróyè kọjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kó sùn dáadáa.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Kó tó mọ ògiri kan, kọ̀ǹpútà ní àyè kò sí mọ́ nínú ikùn òun, torí pé àwọn irinṣẹ́ yẹn tóbi ju erin lọ. Gòróyè wá rántí háàdì kan tó ti ń lò láti ìgbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ gíga. Àpótí pẹlẹbẹ ni, bí ìwé àdúrà, a máa ń fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kí a lè kó iṣẹ́ sínú rẹ̀. Àyè wà nínú háàdì náà, ṣùgbọ́n ojú ihò tí wáyà ń wọ̀ ti ṣò. Bí èèyàn bá ki wáyà bọ̀ ọ́, iná rẹ̀ á tàn fírí, á kú.

Gòróyè yí wáyà sọ́tùn-ún, iná kú. Ó yí i sósì, iná kú. Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kò gbọ́. Ẹ̀rù ti ń gbà á lọ́kàn, ó ti ń gbọ́ ìró omi létí tí odò kò sì mira. Ni ó bá ki ẹnu wáyà bọ ẹnu ara rẹ̀, ó pọ́n ọn lá bí ẹni pọ́n oyin lá, ó fi bọ ihò háàdì.

Iná tàn. Kò sì kú.

Inú Gòróyè dùn débi pé ó fò sókè. Ìgbà yẹn ló rí Ọ̀dọ̀fin lẹ́nu ọ̀nà, tí bàbá wá kí wọn, tó sì dúró síbẹ̀ tó ń wò ó.

"Gòróyè," ni Ọ̀dọ̀fin wí, "kí lò ń jẹ?"

"Bàbá, kì í ṣe oúnjẹ. Iṣẹ́ Akígbe ni mò ń ṣe."

"Itọ́ ni iṣẹ́ Akígbe?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, bàbá. Kó lè mú ni."

Ọ̀dọ̀fin mi orí tí irun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dọ́gba, ó bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n irọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo ìgbà tí Gòróyè bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ló ń lá wáyà. Ó lá a láàárọ̀, ó lá a lọ́sàn-án. Nígbà tó yá, kó tó jókòó rárá ni ahọ́n rẹ̀ á ti yọ síta. Ilé inú ilé ń ga sí i lórí háàdì, itọ́ ló sì dì í mú. Àwọn irinṣẹ́ àgbà wọlé, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n jókòó.

Ó ku irinṣẹ́ kan, olórí wọn, èyí tí yóò ti èrò tuntun sínú ṣíìpù. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà, kò sì sí nẹ́tíwọ̀kì tó nílàárí ní Ìsàlẹ̀-Odò. Orí àpáta nìkan ló ti ń já gaara. Gòróyè gbé ẹrù rẹ̀ gun òkè, ó lọ sí abà kan tí Ọ̀dọ̀fin fi ń sinmi níbi oko rẹ̀. Ó so wáyà, ó lá a, irinṣẹ́ ńlá náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé díẹ̀díẹ̀, bí ìgbín tó ń gun igi. Ó hàn gbangba pé ilẹ̀ yóò ṣú kó tó parí.

Tinúọlá bá a gbé oúnjẹ wá, ó ń mí gùlegùle. Ó fọwọ́ kan háàdì. "Ó gbóná o."

"Mo mọ̀. Iṣẹ́ ló pọ̀ lórí rẹ̀." Gòróyè ti fi ọ̀rá bo kọ̀ǹpútà dáadáa lábẹ́ òrùlé abà. Ó gbé háàdì sórí òkúta kan níta, níbi tí wáyà gùn dé. "Jẹ́ kó gba atẹ́gùn níbí."

"Níta gbangba? Ẹ gbé e wọlé, ọkọ mi."

"Òjò kò ní rọ̀. Wo ojú ọ̀run, ó mọ́ lóló."

Òótọ́ ló sọ, òjò kò rọ̀. Gòróyè bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé Ìdí-Àpáta rí mọ ohun tí ìrì orí àpáta jẹ́. Ìrì ibẹ̀ kì í sẹ̀, àfi bíi pé wọ́n ń fi garawa dà á.

Nígbà tó gòkè láàárọ̀, koríko ń kán tó, tó, tó. Háàdì jókòó sórí òkúta bí àkàrà tó já sómi. Ọkàn Gòróyè lọ. Ó fi ẹ̀wù nù ún, ó gbọ̀n ọ́n sétí, omi dáhùn nínú rẹ̀. Ó fi sáyà kó lè rí ooru, ó ń bẹ̀ ẹ́: "Jọ̀ọ́. Má pa mí. Jọ̀ọ́." Lẹ́yìn náà, ó so wáyà. Kò tilẹ̀ lá a lọ́tẹ̀ yìí, omi tó wà níbẹ̀ ti tó.

Iná tàn. Ilé inú ilé ṣí. Gbogbo irinṣẹ́ wà níbẹ̀, olórí wọn náà ti wọlé.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Bí Gòróyè bá lọ sọ́dọ̀ ọba, tó ní, "Kábíyèsí, ìrì sẹ̀ sí ẹrù mi, ẹ fún mi láyè kí n tún un mọ," kò séwu. Ṣùgbọ́n Kábíyèsí ti kéde pé àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọn yóò tún Akígbe ṣe. Wọ́n ti tẹ́ ìtẹ́ ọba sétí odò, àwọn olóyè ti jókòó, ìlú ti pé. Ojú ń ti Gòróyè, ẹ̀rù sì ń bà á. Nínú méjèèjì, ojú tó ń tì í ló jàre. Ó dákẹ́, ó gbé háàdì tútù sọ̀kalẹ̀.

Tinúọlá rí ojú rẹ̀ láàárín èrò. Ó sún mọ́ ọn. "Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan."

"Òógùn ń bò yín, afẹ́fẹ́ sì tutù."

"Mo ní kò sí nǹkan, Tinúọlá."

Ó ṣí ikùn Akígbe, ó fi wáyà kan so ṣíìpù mọ́ kọ̀ǹpútà, háàdì wà lórí itan rẹ̀. Ẹ gbọ́ ìṣe ṣíìpù o: ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa èrò àtijọ́ rẹ́ kúrò lórí rẹ̀ pátápátá, kí ẹ tó kọ tuntun sí i. Gòróyè pàṣẹ. Èrò àtijọ́ parẹ́. Akígbe, tó ti ń kùn wúyẹ́wúyẹ́ láti ìgbà tí àrá ti sán, dákẹ́ lọ gbáà. Tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ìlà aláwọ̀ ewé kan ń gùn lójú kọ̀ǹpútà. Ó gùn dé ìdámẹ́rin. Gòróyè kò mí. Ó gùn dé ìdajì. Kábíyèsí na ọrùn kó lè rí i.

Ni omi kan bá yọ nínú háàdì, ẹ̀kán kan péré, ó sun sórí ṣòkòtò Gòróyè.

Háàdì dún kẹ́. Iná rẹ̀ kú. Ìlà ewé dúró. Ilé inú ilé náà sì wó lójú gbogbo wọn: ojú rẹ̀ kọ́kọ́ gan, ó wá dúdú, lẹ́tà pupa jáde pé ibi tí ilé náà dúró sí kò sí mọ́.

Gòróyè fa wáyà yọ, ó lá a. Ó ki í bọ̀ ọ́. Kò tàn. Ó tún lá a. Ó lá ihò háàdì gan-an. Ọba ń wò ó. Àwọn ìjòyè ń wò ó. Ẹnjiníà ìlú, lórí ìkúnlẹ̀, ó ń lá àpótí bí màlúù tó ń lá ọmọ rẹ̀.

"Adégòróyè," ni Kábíyèsí pè é jẹ́jẹ́, "kí nìyẹn?"

Kò lè purọ́ mọ́. Ó tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti orí wáyà dé orí ìrì. Ohun tó wá ba gbogbo wọn lẹ́rù ni pé wọ́n gbọ́ ewúrẹ́ kan tó wá mumi, ó fi ara kan òpó irin, Akígbe kò sì ké. Ọpọlọ rẹ̀ ti ṣófo. Lókè réré, lórí àwọn òkè tó jìnnà, àwọsánmà dúdú kan ti ń kóra jọ.

Kábíyèsí wo àwọsánmà, ó wo Gòróyè. "Ìgbà wo lo lè mọ òmíràn?"

"Màá ránṣẹ́ sí Ìbàdàn fún háàdì tuntun, Kábíyèsí. Àwakọ̀ tó ń lọ lọ́la yóò bá mi gbé e bọ̀."

"Ó dára. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé, odò kò gbọdọ̀ wà láìní akígbe. Ẹnu ló mọ ilé tó wó yìí, àbí? Ẹnu ọ̀hún náà ni yóò ṣe iṣẹ́ Akígbe. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wá jókòó síbí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn ọdẹ á gbà á lọ́wọ́ rẹ. Bí omi bá dìde, kígbe."

Bí wọ́n ṣe gbé àga fún Gòróyè sétí odò nìyẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó irin. Ọ̀dọ̀fin wá dán an wò.

"Ké ká gbọ́."

"Omi o!"

"Ìyẹn ò dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́. Tún un ké."

"OMI O!"

Adìẹ mélòó kan tú ká. Ọ̀dọ̀fin ní, "Ó ti sàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n irin yẹn lóhùn jù ọ́ lọ."

Àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá, wọ́n ń kí i pé, "Akígbe, ẹ kú iṣẹ́ o!" Ó ń dáhùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára odò. Ó wò ó tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń rò pé odò náà ń wo òun. Bí ewé bá ré lulẹ̀, àyà rẹ̀ á já. Lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó lè rí Tinúọlá níwájú ilé wọn, tó ń rìn bọ̀rọ̀kọ̀bọ̀rọ̀kọ̀ láti ìdí ààrò lọ sídìí àmù, tó sì ń dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó ń di ẹ̀yìn mú. Gòróyè á gbé ojú sórí àwọn òkè jíjìn, níbi tí mànàmáná ti ń kọ láìdún. Ó bi ara rẹ̀ léèrè bí àwakọ̀ yẹn yóò ṣe pẹ́ tó.

Ọ̀sán gangan ọjọ́ kan ni, àwakọ̀ kò tíì dé. Oòrùn ń ràn. Àwọn èèyàn ń sá gbaguda. Odò sì yí àwọ̀ padà.

Ó kọ́kọ́ pọ́n bí omi tí wọ́n fi fọ osùn. Lẹ́yìn náà ni ariwo rẹ̀ dákẹ́, irú ìdákẹ́jẹ́ tí ajá máa ń dákẹ́ kó tó bù ni jẹ. Odó kan léfòó kọjá. Ilẹ̀kùn kan tẹ̀lé e, pákó odidi, adìẹ kan dúró lé e lórí, ó ń wo Gòróyè bí èrò ọkọ̀ tó ń kọjá. Ìgbà tó fi máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, omi ti bo bàtà rẹ̀.

Gòróyè dìde, ó la ẹnu gbàà, ó fẹ́ ké.

Kò sí ohùn. Ẹ̀rù ti gbẹ ẹnu rẹ̀ kanrankanran bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ó gbìyànjú láti gbé itọ́ mì, itọ́ kò sí. Gbogbo itọ́ tó ti ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún wáyà láti ọjọ́ yìí wá, ẹ̀kán kan kò jáde lọ́jọ́ tí ìlú nílò rẹ̀. "Háà," ni ohun tó jáde, "háà, háà," bí ẹni tí ata pa.

Ló bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó wọ Ìsàlẹ̀-Odò, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, apá rẹ̀ ń fẹ́ lókè. Àwọn tó ń sá gbaguda rí i, wọ́n ní, "Ẹnjiníà, ẹ kú eré o!" Ó nàka sẹ́yìn. Wọ́n wo ẹ̀yìn, wọ́n rí ewúrẹ́, wọ́n ní, "A ti mọ̀, ewúrẹ́ ni." Ó mú Ọ̀dọ̀fin lápá níbi tí bàbá jókòó sí lábẹ́ igi, ó ń fà á.

"Gòróyè, sọ̀rọ̀!"

"Háà."

"Háà báwo?"

Tinúọlá ló gbé orí sókè nídìí ààrò. Ó rí ọkọ rẹ̀, ó rí ẹnu rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ tó sì gbẹ tí ètè rẹ̀ ti hunjọ. Kò béèrè nǹkan kan. Ó gbé abọ́ irin tó fẹ́ fi fọṣọ, ó mú orógùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu abọ́ náà gbàngàn-gbàngàn, ó ń ké:

"Omi dé o! Ẹ dìde, omi dé! Ẹ wo ẹnu ọkọ mi, kò sí itọ́ kankan níbẹ̀ mọ́! Ẹ̀rù gidi nìyí! Omi dé o!"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tú wọn ká. Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn itọ́ Gòróyè ní Ìdí-Àpáta. Bí ẹnu tó lá gbogbo wáyà bá lè gbẹ, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ewúrẹ́. Ìyá gbé ọmọ, ọmọ mú àbúrò. Àwọn géńdé méjì gbé Tinúọlá sínú ọmọlanke, wọ́n ń tì í gòkè lọ, òun kò sì dẹ́kun lílu abọ́. Gòróyè gbé Ọ̀dọ̀fin pọ̀n. Bàbá ń jà lẹ́yìn rẹ̀ pé òun kò tíì rí omi kankan, títí omi fi bá àwọn méjèèjì lẹ́yìn, tó gun orúnkún Gòróyè, tó sì kan ẹsẹ̀ bàbá.

"Sáré!" ni Ọ̀dọ̀fin wí. "Kí lò ń dúró ṣe? Sáré, ọmọ mi, sáré!"

Nígbà tí wọ́n dé orí àpáta, wọ́n bojú wẹ̀yìn. Ìsàlẹ̀-Odò ti di odò. Ilé ìdáná Gòróyè ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé sínú omi. Akígbe dúró láàárín agbami, omi bo ẹnu rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Wọ́n ń pe orúkọ ara wọn láti agbolé dé agbolé. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n pè ló dáhùn. Kò sẹ́ni tó bómi lọ.

Kábíyèsí dé, òun náà ti já sórí àpáta pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó bi Gòróyè léèrè bó ṣe rí omi. Gòróyè la ẹnu, "Háà." Wọ́n fún un lómi nínú igbá. Ó mu ún tán, ó gba òmíràn, ó mu ún. Ohùn rẹ̀ wá ṣí lójijì, gbogbo igbe tó ti há sí i lọ́fun láti ìsàlẹ̀ sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà:

"OMI O!"

Gbogbo èèyàn tún gbéra láti sá kó tó yé wọn. Ẹ̀rín wá pa wọ́n, ẹ̀rín tó ní ẹkún nínú, àwọn mìíràn jókòó sílẹ̀, wọ́n ń nu ojú. Ọ̀dọ̀fin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù ló kọ́kọ́ dákẹ́. Ó wo Gòróyè láti òkè dé ilẹ̀.

"Ọmọ mi," ló wí, "mo rí ọ lọ́jọ́ tó o kọ́kọ́ lá a, mo sì bi ọ́. Mo rò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni lóòótọ́. O kò rí òjò, o kò rí ìjì, àrá kò sán. Ìrì lásán, ìrì tí ẹsẹ̀ adìẹ ń gbọ̀n dànù, ló wó ilé rẹ, tó fẹ́ kó gbogbo wa lọ."

Tinúọlá dáhùn látinú ọmọlanke pé, "Bàbá, ilé tí a fi itọ́ mọ, kí ni ẹ fẹ́ kó wó o? Ìrì náà ni yóò wó o."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba òwe náà lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà tí omi fi máa fà, ọmọdé ti ń fi ṣeré. Ìgbà tí ọjà tó tẹ̀lé e fi máa tú, ìlú tó yí wọn ká ti ń pa á lówe, àwọn àgbà ibẹ̀ sì ti ń sọ pé ọ̀dọ̀ bàbá àwọn làwọn ti gbọ́ ọ.

Háàdì tuntun dé láti Ìbàdàn pẹ̀lú wáyà tuntun. Gòróyè mọ ilé inú ilé náà láti ìpìlẹ̀, nínú yàrá ọba, lábẹ́ òrùlé páànù, ó sì ń pe Kábíyèsí wá wò ó nígbà gbogbo tí nǹkan bá ti fẹ́ ṣe bíi pé kò lọ dáadáa. Kò tún fi ẹ̀rù pamọ́ mọ́. Akígbe gba ọpọlọ tuntun. Bí ewúrẹ́ bá mumi lónìí, kò ní wò ó. Bí omi bá dìde, gbogbo òkè ló ń gbọ́. Tinúọlá bí ọmọbìnrin, ohùn ọmọ náà sì ni Ọ̀dọ̀fin sọ pé ó ju ti irin lọ. Ṣùgbọ́n títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, bí Gòróyè bá yọ wáyà níbikíbi ní Ìdí-Àpáta, ẹni tó bá wà nítòsí á kọ́kọ́ ní, "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹnu dé."

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé kò sẹ́ni tó fi itọ́ mọlé rí, ẹ ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ adìẹ tó gun ilẹ̀kùn kọjá lójú odò Aróbọ́. Wọ́n mọ ọ́n. Ó ga. Ó lẹ́wà. Àwọn irinṣẹ́ àgbà tẹ́ ẹní sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí a fi itọ́ mọ, ẹ̀yin ará mi, kò dúró de òjò. Ìrì ni yóò wó o.